Bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ Òyìnbó dé orísun rẹ̀: ẹ jẹ́ ká fi "nice" ṣe é

Ẹnìkan á ka ibì kan pé òmùgọ̀ ni "nice" túmọ̀ sí láyé àtijọ́, inú rẹ̀ á dùn bí ẹni tó he owó. Láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá pè é ní "nice", á ní wọ́n bú òun. Mo ti rí irú wọn kò níye. Gbòǹgbò ni wọ́n kọ́kọ́ dì mú, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òde òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa rìn padà sẹ́yìn.

Ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsùlù ti tó. Kì í ṣe bírò o. Ẹ fa ìlà sí ojú ewé kan kó di ọ̀nà mẹ́ta: ọdún, gbólóhùn, ìtumọ̀.

Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá tí ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn tàbí tí ẹ kà, kì í ṣe èyí tí ẹ fúnra yín hun. "A nice man" ni onínúure èèyàn, "a nice day" ni ọjọ́ tó dára. Ṣùgbọ́n nínú "nice and warm", "nice" kàn ń ti "warm" lẹ́yìn ni, pé nǹkan náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹnìkan bá da omi sórí ìwé yín tí ẹ wá ní "Oh, nice!", gbogbo ayé mọ̀ pé ẹ ò yìn ín. Ẹ fi "a nice distinction" náà kún un, ìyẹn ìyàtọ̀ tín-ín-rín tí ojú kì í tètè rí. Èyí tó yàtọ̀ sáàárín àwọn yòókù yìí, ẹ má sọ ọ́ nù. A ó padà bá a.

Ó wá kan ìwé atúmọ̀-èdè, àmọ́ èyí tó ń kọ ọdún sí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Àgbà wọn ni Oxford English Dictionary, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1884, tí wọn kò sì kọ ọ́ tán títí di 1928. Owó ni wọ́n fi ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sówó, Online Etymology Dictionary jẹ́ ọ̀fẹ́, òun gan-an ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ibi tó kù yìí ni wọ́n ti ń jábọ́. Ẹ to àwọn ìtumọ̀ náà tẹ̀lé ara wọn, ẹ má fo ìkankan. Látìn ní "nescius", ẹni tí kò mọ̀: "ne" ni "kò", "scire" ni "mọ̀", ìdílé kan náà tí "science" ti wá. Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di "nice", aláìgbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì gbà á pẹ̀lú ìtumọ̀ yẹn ní nǹkan bí ọdún 1300. Ó di ojo, ó di onítìjú. Kí 1400 tó pé, ó ti di ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn. Ẹni tó bá ń ṣa nǹkan ṣáá, ojú rẹ̀ á mú, nítorí náà láàárín ọdún 1500 sí 1600, "nice" di ohun tó péye, tó ṣe rẹ́gí. Ibẹ̀ ni "a nice distinction" wa ti ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn 1700 ló tó di ohun tó dùn mọ́ni, ti onínúure ló sì dé kẹ́yìn.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fo àwọn tó wà láàárín. Ẹnìkan á ní, "Òmùgọ̀ kì í bá èèyàn jà, ìdí nìyẹn tó fi di onínúure." Ó dùn létí, irọ́ ni. Ẹlòmíràn á ka ìwé ọdún 1600, á rí "too nice", á rò pé wọ́n ń yin ìwà ẹni náà, nígbà tó jẹ́ pé àṣejù rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ohun tí àwọn tó ń sọ ọ́ fi ń ṣe lásìkò tí wọ́n ń sọ ọ́. Gbòǹgbò kò lè pàṣẹ fún un.

Ìrísí náà ń tanni jẹ. Ìlú Nice ní Faransé kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá: àwọn Gíríìkì ló dá a sílẹ̀, Nikaia ni wọ́n pè é, láti ara "nike", ìṣẹ́gun.

Ẹlẹ́rìí ló kù, ìyẹn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ náà. Mo fẹ́ràn Northanger Abbey, ìwé ìtàn àròsọ ti Jane Austen, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní ìparí 1817, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin kan ti ń fi ọmọbìnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé ó pe ìwé kan ní "nice". Ẹ rí i pé ìtumọ̀ tuntun ti gbòde, tí àwọn kan kò sì tíì gbàgbé ti àtijọ́. Google Books lè wá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọdún tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé máa ń ṣìnà nígbà mìíràn. Ojú ewé tí wọ́n tẹ orúkọ ìwé sí ni mo máa ń ṣí wò kí n tó kọ ọdún kankan sílẹ̀. Bó bá sì di ọ̀la tí mo rí èyí tó ti pẹ́ jù ú lọ, mo kàn máa pa á rẹ́ ni. Ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi ní kì í ṣe bírò.