Iná Táyà Tó Tàn Lójú Dáṣíbọ́ọ̀dù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí TPMS

Iná kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó jọ táyà tí wọ́n gé níbùú, tí àmì ìyàlẹ́nu dúró sáàárín rẹ̀. Bó bá ti tàn, ọ̀pọ̀ awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ ta táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe é, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń lẹ téèpù dúdú bo iná náà mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ò lè wọn géèjì. Ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ táyà lè ti lọ kí táyà ṣì dúró digbí lójú ẹni tó ń wò ó, pàápàá táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ga.

TPMS ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń tan iná yẹn. Afẹ́fẹ́ inú táyà ló ń ṣọ́. Ó ti wà lára Porsche 959 láti 1986, àmọ́ ikú ló sọ ọ́ di ọ̀ranyàn. Lẹ́yìn tí táyà Firestone ń bó lórí eré lára ọkọ̀ Ford Explorer, tí ọkọ̀ ń gbókìtì, tí ẹ̀mí ń ṣòfò, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní TREAD ní 2000. Láti September 2007, gbogbo ọkọ̀ tuntun tí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù ńlá gbọ́dọ̀ ní TPMS níbẹ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù náà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti November 2014.

Ohun tí òfin Amẹ́ríkà yẹn ní kó ṣe ni pé kí iná tàn bí afẹ́fẹ́ bá ti fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tó yẹ. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọkọ̀ tó yẹ kó gba 32 psi (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ lójú géèjì), iná rẹ̀ lè máà tàn àfi tó bá kù sí 24. Láti 31 wálẹ̀ dé 25, ẹ̀rọ náà lè má sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ táyà ń gbóná, epo ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, etí táyà ń jẹ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ń dúró de iná kó tó wá géèjì ti pẹ́ jù. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti kí ẹ tó bọ́ sọ́nà jíjìn, ẹ wọ̀n ọ́n, iná ìbáà tàn, ìbáà má tàn.

Iná kan, ọ̀rọ̀ méjì

Bí iná bá tàn tó dúró gbọin, afẹ́fẹ́ táyà kan ló lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣáná sọ́kọ̀ tí iná náà ń tàn tó ń kú, tó ń tàn tó ń kú, fún bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, kó tó wá dúró, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló níṣòro. Bóyá sẹ́ńsọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí táyà ṣe wà, ti kú, bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Bí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà títí tílẹ̀ fi ṣú, iná yẹn ò ní lọ.

Oríṣi TPMS méjì ló sì wà, ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣì í lò. Ọ̀kan ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn fáàfù, tòun ti bátìrì àti rédíò kékeré tirẹ̀. Èkejì ò ní ohunkóhun nínú táyà. Sẹ́ńsọ̀ búrèkì ABS (búrèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) ló fi ń ka bí táyà ṣe ń yí: táyà tó bá rọ̀ a máa sún kì díẹ̀, á sì máa yí kíákíá ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Oríṣi kejì yìí ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tún un ṣètò, bọ́tìnì náà sì ni pàkúté ibẹ̀. Iná tàn, awakọ̀ ò wọn táyà, ó tẹ bọ́tìnì, iná kú, inú rẹ̀ dùn. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ fún ọkọ̀ pé bí táyà ṣe rọ̀ yìí ló ṣe yẹ kó máa rí. Ọkọ̀ sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà lọ, 24 ni yóò máa pè ní dáadáa. Ẹ fẹ́ gbogbo táyà dé iye tó yẹ nígbà tí wọ́n tutù, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn. Nítorí pé ṣe ló ń fi táyà wé táyà, bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè má tètè fura.

Iye tó yẹ ńkọ́? Kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà. Ìyẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà. Inú férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni ìwé pélébé tó sọ ti ọkọ̀ yín sábà máa ń wà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn sì lè yàtọ̀. Kí ọkọ̀ ti sinmi bíi wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Táyà tó ti sáré lójú títì lè fi 4 psi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i. Ẹni tó bá tú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dànù láti fi bá ìwé mu, táyà rẹ̀ á rọ̀ nígbà tó bá tutù. Òtútù náà ń ṣe tirẹ̀: bí ojú ọjọ́ bá fi nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 5 sí 6 tutù sí i, nǹkan bíi 1 psi ń lọ. Iná tó ń tàn láàárọ̀ tó ń kú lọ́sàn-án, kò sí àjẹ́ nídìí ẹ̀. Táyà yẹn ti wà létí ààlà tẹ́lẹ̀ ni, ẹ fẹ́ ẹ.

Lọ́wọ́ oníṣẹ́ táyà

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí pé ọwọ́ ń yá ju ìbéèrè lọ. Abéèrè kì í sì í ṣìnà. Ẹ̀rọ kan wà tó ṣeé dì mọ́wọ́, àmì 125 kHz ló fi ń jí sẹ́ńsọ̀ tó ti sùn. Sẹ́ńsọ̀ á dáhùn, á sọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n afẹ́fẹ́, bí inú táyà ṣe gbóná tó, àwọn mìíràn á tún sọ bí bátìrì ṣe wà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ táyà, ẹ bi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léèrè kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Èyí tí kò bá dáhùn, ẹ pe oní-ọkọ̀ kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ẹ bá ti tú táyà kí ẹ tó mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú, ẹ̀yin lẹ pa á nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́rìí yín.

Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sára rọ́bà ẹ̀gbẹ́ táyà, nítòsí fáàfù. Àwọn kan á gbé e lé ríìmù, wọ́n á ní sẹ́ńsọ̀ ò dáhùn. Irin ló dí àmì lọ́nà.

Tó bá wá kan jíjá etí táyà kúrò lára ríìmù, ẹ rántí pé ẹ̀yìn fáàfù gan-an ni sẹ́ńsọ̀ jókòó sí. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú táyà bá tẹ táyà níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ ìró kan, bí ẹni tẹ ìkarahun ìgbín fọ́, ó parí. Ẹ yí táyà kí fáàfù jìnnà sí ibi tí ọwọ́ ẹ̀rọ fẹ́ tẹ̀.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú fáàfù, èyí tó ń dá afẹ́fẹ́ dúró, kò ju ìka lọ, àmọ́ òun ló ń ba fáàfù jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ fáàfù sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe. Bí ẹ bá fi irin inú tí wọ́n fi idẹ lásán ṣe há a, tí omi àti iyọ̀ ojú títì kàn wọ́n, irin méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn. Ìyẹ̀fun funfun á jáde lẹ́nu fáàfù, wọ́n á sì lẹ̀ pọ̀. Oníṣẹ́ tó kàn dé, tó fẹ́ wọn géèjì lásán, á fi píláyà yí i, fáàfù á kán nídìí, sẹ́ńsọ̀ tí ara rẹ̀ dá pé á di ìdọ̀tí. Èyí tí wọ́n fi níkẹ́lì bò ni kí ẹ máa lò níbẹ̀. Ìdérí irin aláràbarà tí àwọn èèyàn ń rà fún ẹ̀ṣọ́ náà ń ṣe bákan náà. Ìdérí ike tó ní rọ́bà nínú dára jù ú lọ.

Rọ́bà ìdí fáàfù, wọ́ṣà, nọ́ọ̀tì, irin inú àti ìdérí: gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀ nígbàkúùgbà tí táyà bá kúrò lára ríìmù. Rọ́bà tó ti fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í dí dáadáa lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni táyà tó ń jò díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò rí ojú ihò rẹ̀ ti ń wá. Ẹ sì má fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ de nọ́ọ̀tì fáàfù. Agbára tí wọ́n ní kí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì fáàfù, ọ̀pọ̀ ò tó 10 Nm, sípánà tó ń ka agbára nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Oògùn ìdíhò tí wọ́n ń fín sínú táyà ńkọ́? Bí wọn ò bá kọ ọ́ sára agolo pé kò ní pa sẹ́ńsọ̀ lára, ó lè dí ojú tó fi ń mọ afẹ́fẹ́.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun, ẹ̀rọ tó tọ́

Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbì rédíò 315 MHz ò lè bá ọkọ̀ tó ń gbọ́ 433 MHz sọ̀rọ̀, ìrísí wọn ì báà jọra bí ìbejì. Èyí tó ń bá onírúurú ọkọ̀ mu náà ń fẹ́ kí wọ́n kọ ètò sí i kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó lè jí sẹ́ńsọ̀ nìkan ò tó fún iṣẹ́ yìí. Àwọn ọkọ̀ kan ń kọ́ sẹ́ńsọ̀ tuntun fúnra wọn tí wọ́n bá rìn díẹ̀; àwọn kan ń fẹ́ kí ẹ jí táyà kọ̀ọ̀kan létòlétò; àwọn kan ò gbà, àfi kí ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà wọn láti ojú OBD, ibi tí wọ́n ti ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Kódà bí ẹ ò pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, tó jẹ́ pé ṣe lẹ kàn gbé táyà ẹ̀yìn síwájú, ọkọ̀ tó ń fi táyà kọ̀ọ̀kan hàn lè nílò kí ẹ tún un kọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, táyà ẹ̀yìn á máa jò, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa tọ́ka sí tiwájú, awakọ̀ á máa fẹ́ èyí tí kò ṣe nǹkan kan.

Bátìrì sẹ́ńsọ̀ ń lo bí ọdún 5 sí 10, wọ́n sì dì í pa sínú ike, ẹ má gé e láti pààrọ̀ bátìrì. Èrò tèmi ni pé bí ọ̀kan bá kú nínú mẹ́rin tí wọ́n jọ bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn nígbà tí ẹ bá ń gbé táyà tuntun wọ̀. Owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni oní-ọkọ̀ máa san.

Tó bá sì jẹ́ pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé géèjì, tí iná ṣì tàn gbọin, ẹ ṣí bọ́ọ̀tì. Àwọn ọkọ̀ kan ní sẹ́ńsọ̀ nínú sípíà táyà, bóyá ó sì ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti fẹ́ ẹ.