Kí Ẹ Tó Wó Ògiri Àárín Ilé: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Ru Òrùlé

Ẹni tó bá jogún ilé ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú sábà máa ń fẹ́ da pálọ̀ pọ̀ mọ́ yàrá tó tẹ̀ lé e. Kò burú. Àmọ́ ògiri kan wà tó kàn pààlà yàrá, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni òrùlé jókòó lé.

Àkọ́kọ́, kí ni wọ́n fi kọ́lé náà? Bó bá jẹ́ amọ̀, kódà bí wọ́n ti fi síméńtì rẹ́ ẹ, ẹ fi ògiri yẹn sílẹ̀. Ilé amọ̀ kì í sábà ní òpó; ògiri ló di ògiri mú. Ẹ họ ibi tí síméńtì ti ṣí nísàlẹ̀ wò.

Orí sílìn ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì gòkè, kí ẹsẹ̀ yín má kúrò lórí igi, torí sílìn kò lè gbé èèyàn. Ẹ wá igi ńlá tó dábùú láti ògiri ìta kan dé èkejì. Bó bá lọ tààrà láìní ìsopọ̀, tí àlàfo sì wà láàárín òun àti ògiri tí ẹ fẹ́ wó, ìyẹn dára. Bó bá jẹ́ orí ògiri náà ni wọ́n ti fi ìṣó so igi méjì pọ̀, tàbí tí igi kúkurú kan dúró lé e tó ń ti òrùlé sókè, ó ti ru ẹrù nìyẹn. Àwọn káfíńtà wa fẹ́ràn èyí, torí igi gígùn wọ́n. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní “ilé ilẹ̀ lásán ni.”

Ní ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ wò ó bóyá ògiri mìíràn dúró lókè, gẹ́lẹ́ lórí ògiri tí ẹ fẹ́ wó. Ẹ wá òpó àti bíìmù, ìyẹn kọnkéré tó dábùú láti òpó dé òpó. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ gbà pé búlọ́ọ̀kù ló gbé dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré ti òkè.

Fífi ìka kan ògiri kò sọ nǹkan kan: búlọ́ọ̀kù oníhò ń dún bákan náà, bó ru ẹrù bí kò ru. Àwọn kan a tún ní búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 kì í ru ẹrù. Irọ́ ni.

Bí iyèméjì bá kù, ẹnjiníà ni kí ẹ pè, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gbowó wíwó. Bó bá ní ó ṣeé wó, ẹ fi igi ti òrùlé tàbí dẹ́kìn ró lápá méjèèjì kí búlọ́ọ̀kù kan tó jáde, kí wọ́n tó da bíìmù kọnkéré tó ní irin nínú. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń kà kí kọnkéré tó gbó dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára yọ igi náà.