Bẹ́ẹ ṣe lè gba àṣà dáadáa ọjọ́ kòrónà padà, kẹ́ẹ sì já èyí tí ò dáa dànù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣẹ́ẹ rántí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ nídìí yẹn, èyí tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì bánkì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláásí lọ́dún 2020? Ìyá eléwà àdúgbò wa ló ń lo tiwa báyìí, àwo ló fi ń fọ̀. Mi ò bá a jà o, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn àṣà dáadáa tí kòrónà kọ́ wa ló kọ́kọ́ bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, àwọn tí ò dáa, ìyẹn oúnjẹ òru, fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn tí dókítà kankan ò kọ fún wa, wọ́n ṣì jókòó tì wá digbí. Bí mo ṣe ń yí i padà nìyí, ẹ mú èyí tó bá bá yín lára mu.

Ẹ fi ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. A ò kúkú gbàgbé pé ó dáa, omi ni ò sí lójú ọ̀nà mọ́, nígbà yẹn ẹ ò lè wọlé láì kọjá lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́nu ilẹ̀kùn yín, kẹ́ẹ ki ọṣẹ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó, kẹ́ẹ so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ní bọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní jí i. Ẹ ka ení, èjì dé ogún, ẹ má kánjú, kí ọṣẹ dé abẹ́ èékánná àti àtàǹpàkò, torí àtàǹpàkò lèèyàn máa ń fò jù. Ọ̀rá ni kòkòrò kòrónà fi bora, ọṣẹ ló ń tú ọ̀rá yẹn, ìdí nìyẹn tí omi lásán ò fi tó. Tó bá jẹ́ sánítáísà, ẹ wo ara ìgò, kí alcohol inú ẹ̀ má dín ní 60%, bọ́wọ́ bá sì kún fún epo tàbí ẹrẹ̀, ẹ fi sánítáísà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló le jù. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Èkó, wọ́n fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún, ọ̀pọ̀ ilé ò sùn, a ń pe ara wa lórí fóònù títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn kan sì ti ibẹ̀ dèrò ọsibítù. Kòrónà dé lọ́dún 2020, ó di kọlorokúìnì, Trump ṣáà ti dárúkọ ẹ̀, àwọn èèyàn gbé e mì, wọ́n sì ní láti gbé àwọn kan lọ sílé ìwòsàn l'Ékòó torí ó ti pọ̀ jù lára wọn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí náà, mo gbé abọ́ omi gbígbóná lé itan, mo fi aṣọ borí, mo ń fa ooru símú, abọ́ dà, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Báyìí tẹ́nikẹ́ni bá fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo máa ń bi í pé: mélòó lèèyàn ń lò, ta ni ò gbọdọ̀ lò ó, kí ni mo máa ṣe tó bá gbòdì? Ọ̀pọ̀ wọn ò ní fèsì. Atalẹ̀ àti áyù nínú tíì, ẹ máa mu ún, àmọ́ tẹ́ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ bi dókítà kẹ́ẹ tó sọ áyù di oògùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Nígbà kónílé-ó-gbélé, láti 30 March 2020 l'Ékòó àti Àbújá, láti 3 April ní Ògùn, ọ̀pọ̀ ò lè lọ sí klíníìkì, àwọn kan ò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Tẹ́ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nílé, ẹ kọ́kọ́ tọ̀, kẹ́ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kẹ́ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, kẹ́ẹ panu mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá ń lé ní 135/85 léraléra, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà.

Ìrìn: ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ fáwa àgbà, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀bù tó ṣáájú tiyín, kẹ́ẹ rìn débi tẹ́ẹ lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tẹ́ẹ ò lè kọrin. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ lójúmọ́, Maggi wà nínú ẹ̀ o. Fóònù, ẹ lọ chájì ẹ̀ ní pálọ̀.

Ó ku ìbòmú. Ẹ fi méjì sínú báàgì, tí ikọ́ bá ń ṣe yín, ẹ lò ó nínú ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ̀ ọ́ wọ dáńfó, ẹni tó jókòó tì mí sún gbúú, mo sì rí àyè na ẹsẹ̀ dé Ọ̀ṣòdì.