Bí a ṣe ń darí iṣẹ́ ìrànwọ́ pàjáwìrì lábẹ́ Àpapọ̀ Ìjọ Lutheran

Ọdún 1947 ni wọ́n dá Àpapọ̀ Ìjọ Lutheran Àgbáyé sílẹ̀ ní ìlú Lund, orílẹ̀-èdè Sweden, nígbà tí ogunléndé ṣì kún ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn ogun. LWF ni wọ́n ń pè é lẹ́nu iṣẹ́. Geneva ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, World Service sì ni ẹ̀ka tó ń ṣe ìrànwọ́. Ẹ̀ka yìí ti wà ní àgọ́ ogunléndé Kakuma ní Kẹ́ńyà láti 1992. Ó wà ní Minawao ní àríwá Kamẹrúùnù pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó sá fún Boko Haram forí pamọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe olórí irú iṣẹ́ yìí ní orílẹ̀-èdè kan ni a kọ èyí fún. Kò pọn dandan kí ó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ kànga, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ìbéèrè tó máa bi ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, kí ó sì mọ iye èèyàn tó fẹ́ mu omi náà. Iye èèyàn yẹn ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Ìjọ àti ìwé orúkọ

Ìlànà tí Red Cross àti àwọn àjọ aláàánú gbé kalẹ̀ lọ́dún 1994 sọ ọ́ gbangba: àìní nìkan ni a fi ń pín ìrànwọ́, a kì í wo ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, a kì í sì í fi oúnjẹ fa ẹnikẹ́ni wọ ìjọ. LWF ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2014 ó tiẹ̀ bá Islamic Relief, àjọ aláàánú àwọn Mùsùlùmí, ṣe àdéhùn àjọṣe. Lójú iṣẹ́, ẹ má pín ẹrù nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bí pápá ilé ìwé bá wà, ẹ má fi àdúrà ṣáájú ìlà, ẹ má sì ki ìwé ìwàásù bọ àpò ìrẹsì.

Ibi tó ti máa ń le ni ìwé orúkọ. Ìjọ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ LWF sábà máa ń wà nítòsí. Ní ìlà oòrùn àríwá Nàìjíríà, LCCN (Lutheran Church of Christ in Nigeria), tí olú ilé rẹ̀ wà ní Numan, ni. Bíṣọ́ọ̀bù tàbí pásítọ̀ á ti mú ìwé orúkọ wá kí ẹ tó já ẹrù kalẹ̀. Ẹ má kọ̀ ọ́ lójú wọn. “Ẹ ṣeun, Bàbá, a ó kọ wọ́n mọ́ àwọn tí a fẹ́ yẹ̀ wò” ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn ará mọ́sáláṣí, kí ẹ sì gbà á lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn tó sá wá yàn fúnra wọn, kí ìdajì ìgbìmọ̀ náà jẹ́ obìnrin. Orúkọ tó bá jáde nínú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ bẹ̀ wò nílé.

Èyí kò sọ ìjọ di aláìwúlò. Ìjọ ló mọ ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà lójò, òun ló ní gbọ̀ngàn tí èèyàn lè sùn sí lóru àkọ́kọ́, òun náà ló máa kù síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti lọ. Iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni kí ẹ gbé fún un, kì í ṣe bírò tí a fi ń yan ẹni tó máa jẹ.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sí ìpàdé. Bó bá jẹ́ ogunléndé tó rékọjá ààlà ni, UNHCR, àjọ ogunléndé ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, ló ń darí iṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba. Bó bá jẹ́ àwọn tó sá kúrò nílé láì jáde kúrò lórílẹ̀-èdè wọn, ìjọba ló ni iṣẹ́ (NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún pàjáwìrì, ni ní Nàìjíríà), àwọn àjọ á sì pín ara wọn sí agbo: UNICEF ló ń ṣáájú nínú ti omi, WFP (àjọ oúnjẹ àgbáyé) àti FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀) nínú ti oúnjẹ. Àjọ tí kì í lọ sípàdé ló ń kó tápólì dé ibi tí tápólì ti kún, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní kẹ́ẹ̀gì tí yóò fi pọnmi.

Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ẹ ka òrùlé. Ẹ rìn yí àgọ́ ká, kí ẹ ka gbogbo ilé àti àtíbàbà tí èèyàn ń sùn sí. Ká ní òrùlé jẹ́ 1,200, ẹ máa yà sí ìkẹrìnlélógún kọ̀ọ̀kan. Ilé 50 ni yóò jẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: “Èèyàn mélòó ló sùn síbí lóru àná?” Ẹ má bèèrè pé “Mélòó lẹ jẹ́?” Ọmọ tó ṣì wà lọ́nà, ẹ̀gbọ́n tó wà nílùú míì, gbogbo wọn ló máa wọ inú ìdáhùn yẹn, kì í sì í ṣe irọ́ ni wọ́n pa. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gbé èèyàn 5, ẹ ní 6,000.

Pẹ̀lú 6,000 yìí, ìṣirò orí tábìlì ló kù. Ìlànà Sphere, ìwé ìwọ̀n iṣẹ́ ìrànwọ́ tó wà lọ́wọ́ gbogbo àjọ, ní ó kéré jù, kí ẹnì kan rí lítà omi 15 lójúmọ́. Lítà 90,000 nìyẹn, táńkà lítà 10,000 lọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹnu ẹ̀rọ kan fún èèyàn 250 ń béèrè ẹnu ẹ̀rọ 24. Ẹ wo ibi tí 250 ti wá: ẹnu ẹ̀rọ kan ń tú lítà 7.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí 8 á jẹ́ lítà 3,600, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èèyàn 250. Bí omi bá ń yọ fún wákàtí 4 péré, ẹnu ẹ̀rọ 48 ni ẹ nílò, kì í ṣe 24. Ọ̀pọ̀ ìjábọ̀ ló ń fo èyí, wọ́n á kọ “24” síwájú ìlà àwọn obìnrin tó ti dúró láti ìdájí.

Ṣáláńgá kan fún èèyàn 50 ní ìbẹ̀rẹ̀, 120 nìyẹn. Tó bá yá, ọ̀kan fún 20, ìyẹn 300. Kí ó jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ó má jìnnà sí ilé ju mítà 50 lọ, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì láti inú. Ilẹ̀ tí àgọ́ nílò, pẹ̀lú ojú ọ̀nà àti ọgbà kékeré, jẹ́ hẹ́kítà 27. Bí ìjọba bá fún yín ní 10, ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí àgọ́ tó fún pọ̀ ni iná ń jó tán.

Oúnjẹ tí wọ́n sábà ń pín fún ẹnì kan lójúmọ́ ni ọkà gíráàmù 400, ẹ̀wà 60, òróró 25 àti iyọ̀ 5. Ìyẹn kò tíì pé kálórì 2,100. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti sóyà gíráàmù 50 pẹ̀lú ṣúgà 15 ló ń mú un pé. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ọkà nìkan jẹ́ tọ́ọ̀nù 72, nítorí náà ẹ wá ilé ìkẹ́rùsí kí ẹ tó wá ọkà.

Omi, ní tòótọ́

Omi gbọ́dọ̀ ṣì ní chlorine (oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi) mílígíráàmù 0.2 sí 0.5 nínú lítà kan nígbà tó bá dé ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ ní kí onímọ̀ omi ṣe ìdánwò lójú yín. Kó po ìyẹ̀fun HTH, ìyẹn ìyẹ̀fun chlorine, gíráàmù 15 mọ́ lítà omi kan. Kó to bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke mẹ́rin kalẹ̀, omi lítà 20 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi síríńjì fa mílílítà 1, 1.5, 2 àti 2.5 sí wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kó rò wọ́n, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kó tó wọn èyí tó ṣẹ́ kù. Bó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó gba mílílítà 2 ló bọ́ sáàárín, lítà kan ni táńkà lítà 10,000 máa gbà. Bí chlorine ò bá kù nínú ìkankan, omi rú jù: ẹrẹ̀ ti jẹ oògùn tán. Álọ́ọ̀mù ló kàn, kí omi tòrò ná. Ẹ tún ìdánwò ṣe nígbàkigbà tí wọ́n bá yí ibi tí wọ́n ti ń fa omi padà, àti lẹ́yìn òjò ńlá. Ìyẹ̀fun tó ti pẹ́ nínú ilé ẹrù gbígbóná kì í lágbára mọ́, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n oṣù tó kọjá fi ń tanni jẹ.

Ọjọ́ pínpín

Gbogbo ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ó ń ṣẹlẹ̀ lágọ̀ọ́ náà, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ẹnì kankan fẹ́ jalè: igbá tí a fi ọkà bàbà díwọ̀n kò lè wọn ẹ̀wà. Ẹ fi òṣùwọ̀n díwọ̀n igbá fún irú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un ṣe nígbàkigbà tí ẹrù tuntun bá dé, kí ẹ sì lu ihò sí i lókè ìlà ìwọ̀n kí ó má lè gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ya ìwọ̀n tí ẹnì kan máa gbà sára pátákó, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ̀ọ́kà.

Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ẹ gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ kí ẹ máa wọn ẹrù àwọn díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fi ìwọ̀n kan náà dín, igbá ló lẹ́bi. Bí ti ẹnì kan bá dín tí ti ẹlòmíì lé, ẹni tó ń bù ú ni kí ẹ wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù kí àwọn obìnrin lè délé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí aboyún, àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara sì ní ìlà tiwọn. Níbi tí ọjà bá ti ń ná, tí àwọn oníṣòwò sì lẹ́rù, owó dára ju àpò lọ, ó sì dín wàhálà mọ́tò kù.

Owó àti ẹjọ́

LWF wà nínú ACT Alliance, àjọṣe àwọn ìjọ àti àjọ ìrànwọ́ wọn lágbàáyé, àwọn ìjọ tó wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì ń dá owó síbẹ̀ fún pàjáwìrì. Owó tí wọ́n bá ní omi ni kí ẹ fi ṣe kò ṣeé fi ra tápólì láìjẹ́ pé ẹ kọ̀wé. Ẹni tó béèrè ọjà, ẹni tó rà á, àti ẹni tó gbà á wọlé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà, àní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí kò bá sáyè láti gba iye owó lọ́dọ̀ oníṣòwò mẹ́ta, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ fọwọ́ sí i. Àlàyé tí a kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò lè tẹ́ ayẹ̀wéwò lọ́rùn.

Kí gbogbo òṣìṣẹ́, títí kan awakọ̀ àti ẹni tó ń ru àpò, fọwọ́ sí ìlànà ìwà kó tó fọwọ́ kan ẹrù. Àpótí ẹ̀sùn nìkan ò tó. Ẹ fi obìnrin kan jókòó sí ibi tí kò sí lójú àwọn tó ń pín ẹrù. Bí ẹ̀sùn bá jẹ́ pé ẹnì kan fi oúnjẹ bèèrè fún ara obìnrin, ẹ má ṣe ìwádìí fúnra yín, ẹ má sì pe afẹ̀sùnkàn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jókòó bí ìgbìmọ̀ àgbà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí Geneva lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú obìnrin náà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn onílé

Igi ìdáná ló sábà ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ogunléndé àti onílé, ìyẹn àwọn ará ibi tí ogunléndé wá bá. Ní Minawao, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé igi tán, LWF àti UNHCR fi páálí tó ń gba omi dúró yí gbòǹgbò igi kéékèèké ká kí wọ́n má bàa kú lẹ́ẹ̀rùn. Ní Uganda, ìlànà ni pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ kan àwọn onílé. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò ìnáwó látìbẹ̀rẹ̀, torí kì í rọrùn láti fi kún un lẹ́yìn.

Kí ẹ tó fa kànga lé ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, ẹ kó irinṣẹ́ àti rọ́bà inú fáńpù fún wọn, kí wọ́n fa páìpù jáde, kí wọ́n sì pààrọ̀ rọ́bà náà fúnra wọn, kí oníṣẹ́ yín má fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ẹ ó kọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí náà ẹ má fi í sí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.