Bí mo ṣe ráyè kọ ìwé mi parí pẹ̀lú iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ọmọ mẹ́ta nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé lọ́jọ́ tọ́wọ́ yín bá dilẹ̀ lẹ máa kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dè é o. Ọwọ́ ẹni tó níṣẹ́ tó tún ń tọ́mọ kì í dilẹ̀. Èmi ò rí ọjọ́ yẹn títí mo fi kọ ìtàn àròsọ mi parí, ìtàn ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní Ẹ̀búté Ìkòròdú, bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Ìkòròdú là ń gbé, iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe ní Marina. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn á mọ̀ pé ká tó kọjá Mile 12, Kẹ́tu, Ọjọ́ta, Maryland, Fadeyi, ká tó wá dé Island, ó tó iṣẹ́. Inú bọ́ọ̀sì BRT ni mo ti kọ èyí tó pọ̀ jù. Láti 2015 tí wọ́n ti la ọ̀nà BRT dé Ìkòròdú, bọ́ọ̀sì ti ní ojú ọ̀nà tiẹ̀, èèyàn sì lè jókòó kó ronú, dáńfó ò ṣe é kọ̀wé ní tiẹ̀, ẹ̀yin mẹ́rin lórí sítù kan, kọ̀ńdọ́ ń pariwo, apá ò ráyè mì. Mo máa ń tètè jáde kí n lè rí ẹ̀gbẹ́ wíńdò.

Fóònù ni mo fi kọ ọ́, lórí Google Docs, mo ṣètò ẹ̀ kó lè máa ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù orí fóònù, ní Yorùbá, tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà kan tẹ́ ẹ ò tètè gbọ́wọ́ kúrò, àmì ohùn á jáde, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tó ń mì ò gba ìyẹn, mo kàn ń kọ ọ́ lọ láìfàmì sí i, ó di Sátidé kí n tó fàmì sí i.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù nìyí: mi ò kí ń parí gbólóhùn tí mo bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Tá a bá ti ń sún mọ́ CMS, màá dúró síbi "ó ṣí ìdérí ìkòkò, ó wo ọmọ ẹ̀, ó ní...", màá pa fóònù. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọwọ́ á kàn máa lọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ò ṣe é gbọ́kàn lé, hómùwọ̀ọ̀kì wà ńlẹ̀, oúnjẹ wà ńlẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí. Tí mo bá ń bẹ iṣu tí ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn, màá sọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ nínú ẹ̀, "Mọ́mì, ó gba báírò mi!" Ìjà báírò yẹn gan-an ló di ìjà àwọn ọmọ ẹlẹ́ja lórí orí ẹja nínú ìwé náà, mo fẹ́ràn ojú ewé yẹn gan-an.

Ti Sátidé ló gba ọ̀rọ̀ sísọ. Mo bá dádì wọn jókòó, mo ní kí wọ́n fún mi ní aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n mójú tó àwọn ọmọ. Wọ́n ní ṣé ìwé yìí máa mówó wọlé ni? Mo ní mi ò tíì mọ̀, àmọ́ tí mi ò bá kọ ọ́, bí ẹni tí egungun há lọ́nà ọ̀fun ló ń ṣe mí. Wọ́n gbà. Àwọn ló ń kó wọn lọ ra àkàrà ní Sátidé báyìí. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè, kò sẹ́ni tó máa ronú kàn án fún yín.

Nígbà tó parí, màmá ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ kà á fún, torí àwọn náà ta ẹja rí. Bí mo ṣe dé ibi tí ìyá náà ti ń to ẹja àrọ̀ sórí iná, wọ́n dá mi dúró: "Ìyàwó mi, kò tíì ká a ná. Ó máa fi ìrù ẹ̀ sí i lẹ́nu, á fi igi tín-ín-rín gún un pọ̀ kó má baà tú." Mo fi sínú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ìwé ti wà lọ́wọ́ olóòtú báyìí.