Bí Mo Ṣe Ya Bacchus Tó Ń Fò

Ẹsẹ̀ Bacchus ni mo kọ́kọ́ yà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣìnà.

Àwòrán tí mo fẹ́ wò yà ni Bacchus àti Ariadne. Titian, ayàwòrán ará Ítálì, ló yà á láàárín 1520 sí 1523 fún Alfonso d'Este, díúkì ìlú Ferrara ní Ítálì, tó ń wá ohun tí yóò fi ṣe yàrá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. National Gallery, ilé àfihàn àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wà báyìí. Láti 1826 ni wọ́n ti rà á. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, wọn kì í sì í lé ẹni tó bá mú pẹ́ńsùlù àti ìwé jókòó. Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó síbẹ̀, mo wá fi ọ̀dà akírílíìkì ya tèmi nílé, lórí pátákó kékeré kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nìyí. Nínú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, Theseus ti já olólùfẹ́ rẹ̀, Ariadne, sílẹ̀ ní erékùṣù Naxos. Ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú òkun lápá òsì. Obìnrin náà ṣì nawọ́ sí ọkọ̀ ni Bacchus, òrìṣà wáìnì, dé pẹ̀lú àwọn èrò rẹ̀. Ọ̀kan ń lu aro, irú èyí tí Sáàmù 150 dárúkọ. Òmíràn gbé itan ẹran sókè, ejò wé mọ́ ẹlòmíràn lára, Silenus, bàbá arúgbó tó ń bá Bacchus rìn, ti yó kẹ́ri, ó ń sùn lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Bacchus fojú kan Ariadne, ó sì fò kúrò nínú kẹ̀kẹ́ tí cheetah méjì ń fà.

Ìfò yẹn ló dá mi lágara. Mo wọn ẹsẹ̀, mo wọn itan, kò sí èyí tó gùn ju ti Titian lọ. Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀kadà ló já ọkùnrin yìí sílẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ.

Sátidé kejì ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo di ojú kan, mo na àtàǹpàkò, mo fi bo aṣọ pupa tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn Bacchus. Lójú ẹsẹ̀ ni ìfò náà kú. Ọkùnrin náà wá dà bí ẹran tí wọ́n so rọ̀ ní ìsọ̀ alápatà. Mo gbé àtàǹpàkò kúrò, ó tún fò. Àṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń fò, aṣọ ni! Mo tún wá ṣàkíyèsí pé gbogbo wọn ló ń mira àfi cheetah méjèèjì. Àwọn yẹn dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn bí àgbà méjì tí ariwo ọmọdé ti sú, òkè orí wọn sì ni eré gbé ń lọ. Mo pa Bacchus àkọ́kọ́ rẹ́. Aṣọ ni mo kọ́kọ́ yà lẹ́ẹ̀kejì, mo wá gbé ọkùnrin náà sínú rẹ̀.

Ó ku búlúù. Ẹ fa ìlà láti igun òsì nísàlẹ̀ dé igun ọ̀tún lókè: apá òkè ìlà yẹn, ojú ọ̀run, òkun àti ìràwọ̀ tí adé Ariadne dà nínú ìtàn náà ni, apá ìsàlẹ̀, igi, ewé àti ara àwọn alárìíyá. Inú ariwo yẹn ni Bacchus ti ń já bọ́ sínú búlúù. Ariadne náà wọ búlúù, àmọ́ ó fi ọ̀já pupa gbá a, pupa tirẹ̀ sì ń dá ti Bacchus lóhùn.

Òkúta lapis lazuli tí wọ́n ń wà ní Afghanistan ni Titian fi ṣe búlúù yẹn, ohun olówó iyebíye. Tèmi kò wọ́n, torí láti bíi 1828 ni wọ́n ti ń fi kẹ́míkà ṣe irú rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mọ̀ ọ́n: búlúù tí ìyá mi ń fi ṣan aṣọ funfun ni, tí àwọn àgbà tún ń fi kun irun orí ère ìbejì. Mo da funfun lé e jù, ojú ọ̀run mi sì di omi ìfọṣọ. Mo ní láti hó o kúrò. Nígbà tí wọ́n fọ àwòrán Titian láàárín 1967 sí 1969, tí wọ́n ṣí fáníìṣì àtijọ́, ọ̀dà dídán tí wọ́n fi bo ojú àwòrán, kúrò, àwọn kan pariwo pé búlúù rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù. Ẹ̀yìn àwọn tó fọ̀ ọ́ ni mo wà. Bí búlúù yẹn bá ṣá, ibo ni Bacchus ń fò lọ?

Aṣọ rẹ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo fi pupa olómi lé ara wọn lórí, mo ń dúró kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ.

Mo fi ọmọdé ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ tó wà níwájú ṣe àṣekẹ́yìn, èyí tó ń fi okùn wọ́ orí ọmọ màlúù nílẹ̀, tí ajá dúdú kan ń gbó mọ́ ọn. Òun nìkan ló ń wo àwa tí a dúró níta. Àbúrò mi tún dé, kò sọ nǹkan kan nípa Bacchus mọ́. Ó tẹ̀ba, ó wo ìsàlẹ̀ pátákó náà dáadáa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fún ọmọdé yìí ní odidi orí ẹran?"