Bí mo ṣe ṣírò ìrìn bàálù láti Èkó sí Atlanta

Ibi tí pápákọ̀ òfuurufú méjèèjì wà ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ti Ìkẹjà wà ní dígírì 6.58 àríwá àti 3.32 ìlà-oòrùn, ti Atlanta wà ní 33.64 àríwá àti 84.43 ìwọ̀-oòrùn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Nígbà tí ìlú kan wà lápá ìlà-oòrùn, tí èkejì wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ńṣe là ń ro wọ́n pọ̀: 84.43 àti 3.32 jẹ́ 87.75. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì yóò ní 81.11, yóò sì pàdánù bíi kìlómítà 600.

Ẹ wo ojú ẹ̀rọ ìṣírò yín dáadáa: DEG (ìyẹn dígírì) ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì í ṣe RAD (rédíánì, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà wọn igun). Bọ́tìnì sin àti cos tó wà lórí ẹ̀rọ náà ni mo lò. Mo tẹ sin 6.58 lọ́nà sin 33.64, 0.0635 ló jáde. Lẹ́yìn náà, cos 6.58 lọ́nà cos 33.64 lọ́nà cos 87.75, ó fún mi ní 0.0325. Mo ro méjèèjì pọ̀, 0.0960, mo wá tẹ cos⁻¹, èyí tó ń sọ ọ́ di igun padà: dígírì 84.5. Dígírì kan lórí ilẹ̀ ayé jẹ́ kìlómítà 111.2, nítorí náà ọ̀nà yìí tó kìlómítà 9,400. Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù ara ògiri o. Máàpù yẹn dùn-ún wò, ìwọ̀n rẹ̀ ni kò ṣeé gbára lé.

Àkókò ló nira jù. Tí bàálù ńlá bá ti gòkè tán, eré rẹ̀ tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. 9,400 tí a pín sí 900 jẹ́ wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 27. Mo fi ìdajì wákàtí kún un fún gígòkè àti bíbalẹ̀, ó di bíi wákàtí 11. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ nìyẹn. Lókè lọ́hùn-ún, bí bàálù bá ti ń sún mọ́ Amẹ́ríkà, ẹ̀fúùfù máa ń fẹ́ wá láti ìwọ̀-oòrùn, pàápàá nígbà òtútù wọn. Ká ní ó ń fi kìlómítà 60 dín eré bàálù kù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, 840 ló kù, àlọ á gba wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 41, pẹ̀lú ìdajì wákàtí yẹn. Ní àbọ̀, ẹ̀fúùfù yẹn kan náà ló ń tì í lẹ́yìn: eré rẹ̀ á di 960, àbọ̀ á sì gba wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 17, pẹ̀lú ìdajì wákàtí náà. Iléeṣẹ́ bàálù tún máa ń fi àyè sílẹ̀ fún títò lórí ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí àkókò tiwọn fi ń gùn ju tèmi lọ.

Ó wá ku aago orí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ. Bí bàálù bá gbéra l'Ékòó ní aago 11 alẹ́, tó balẹ̀ ní Atlanta ní 5:30 àárọ̀, ó dà bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, Èkó fi wákàtí 6 ṣíwájú. Wákàtí 12 ààbọ̀ ni. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá, wọ́n á ti sún aago tiwọn síwájú, àwa kì í sún tiwa, ìyàtọ̀ á sì di 5. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá gbé aago kan náà yẹn lóṣù keje, wákàtí 11 ààbọ̀ ni ìrìn rẹ̀.